Sísún Ìlà Kóòdù Wọlé: Bí Iṣẹ́ Ọwọ́ Ṣe Di Iṣẹ́ Ẹ́dítọ̀

Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìṣègùn Yunifásítì Èkó ti wà ní Ìdí-Àràbà láti 1962. Ẹni tó bá ń ṣèwádìí lórí àìsàn níbẹ̀ lónìí, kò ní í pẹ́ bá èdè kọ̀ǹpútà R tàbí Python pàdé. Téèyàn bá sì gba Ojúẹlẹ́gbà bọ́ sí Yábàá, á dé àdúgbò tí CcHUB, ibùdó àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ti ṣílẹ̀kùn ní 2011, tí Mark Zuckerberg wá wò ní oṣù Kẹjọ 2016. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn àti ọ̀dọ́ Yábàá tó ń kọ́ kóòdù, ohun kan náà ló máa ń kọ́kọ́ dá wọn dúró: wọ́n á kọ ìlà kan, wọ́n á tẹ Enter, ìlà tó tẹ̀ lé e á lọ bẹ̀rẹ̀ níbi tí wọn ò rán an. Ẹ́dítọ̀, ìyẹn ètò tí wọ́n fi ń kọ kóòdù, ló pinnu bẹ́ẹ̀. Ó ní òfin tó fi ń pinnu, òfin náà sì ṣeé yí padà.

Ọ̀rọ̀ yìí ti wà kí kọ̀ǹpútà tó ní ojú tí à ń wò. Káàdì tí wọ́n ń lu ihò sí ni wọ́n ń kọ kóòdù sí, káàdì IBM sì ti ní àyè 80 láti 1928. Nígbà tí èdè FORTRAN jáde ní 1957, ipò tí ọ̀rọ̀ bá wà lórí káàdì ní ìtumọ̀: àyè 1 sí 5 jẹ́ ti nọ́ńbà ìlà, ìkẹfà ń sọ pé ìlà òkè kò tíì parí, láti ìkeje dé 72 ni iṣẹ́ gan-an wà. Èdè ALGOL 60 ló tú àwọn èèyàn sílẹ̀. “begin” àti “end” ló ń sọ ibi tí nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, ẹ̀rọ ò sì wo ibi tí ìlà dúró mọ́. Ojú ènìyàn nìkan ni wọ́n wá ń sún ìlà wọlé fún.

Ní 1966, Peter Landin dábàá pé kí ipò ìlà tún máa sọ̀rọ̀ fún ẹ̀rọ, ó sì fi òfin ọfúsáìdì inú bọ́ọ̀lù sọ ọ́ lórúkọ. Èdè ABC lo irú òfin bẹ́ẹ̀ ní Netherlands. Guido van Rossum, tó ti ṣiṣẹ́ lórí ABC, gbé e wọ Python tó jáde ní 1991. Nínú Python, ìlà tó bá ṣi ipò rẹ̀ lè yí èsì padà tàbí kó dá gbogbo ètò dúró.

Ọdún 1976 ni ọ̀rọ̀ kan ẹ́dítọ̀ gan-an. Bill Joy bẹ̀rẹ̀ vi ní Berkeley, ohun tí autoindent rẹ̀ sì ń ṣe kò ju pé kó wo ìlà òkè, kó sì fi ìlà tuntun sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ọdún yẹn náà ni Emacs bẹ̀rẹ̀ ní MIT, ọgbọ́n tiẹ̀ sì jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Téèyàn bá tẹ Tab nínú Emacs, ńṣe ni ẹ́dítọ̀ máa ka kóòdù tó wà lókè, tí á ṣírò ibi tó yẹ kí ìlà náà wà, tí á sì gbé e síbẹ̀.

Èmi gbà pé Emacs ló fún èèyàn láṣẹ tó pọ̀ jù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nínú fáìlì C, tẹ Ctrl-C àti Ctrl-S, á sọ orúkọ tó fún ìlà tí o wà, bíi substatement-open fún àkámọ́ tó ṣí lábẹ́ “if”. Orúkọ yẹn ni wàá gbé fún àṣẹ c-set-offset. Bí o bá fún un ní 0, àkámọ́ á dúró ní ìsàlẹ̀ “if” gan-an. Bí o bá fún un ní +, á wọlé ní ìwọ̀n c-basic-offset kan. Ìlànà GNU fi ìwọ̀n yẹn sí 2. Àwọn tó ń kọ Linux ń lo 8, ìwé ìlànà wọn sì sọ pé ẹni tó bá ń fẹ́ sún ìlà wọlé ju ìpele 3 lọ, kó lọ tún ètò rẹ̀ ṣe.

Bram Moolenaar gbé ẹ́dítọ̀ Vim jáde ní 1991. Vim ń lo shiftwidth fún ìwọ̀n, cindent fún C, àti indentexpr fún ẹni tó bá fẹ́ kọ òfin tirẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Àríyànjiyàn lórí Tab àti àlàfo ò tíì tán. Tab kan jẹ́ àmì kan ṣoṣo, ẹ́dítọ̀ kálukú ló ń pinnu bó ṣe máa fẹ̀ tó, nítorí náà kóòdù tó gún régé lójú mi lè wọ́ lójú rẹ. Python 3 kọ àdàlù méjèèjì tí ìtumọ̀ rẹ̀ bá sinmi lórí bí Tab ṣe fẹ̀ tó. Àmọ́ ètò make, tí Stuart Feldman kọ ní 1976, dandan ni Tab nínú Makefile rẹ̀. Ní ti ìwọ̀n, ìwádìí kan tí Miara àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1983 rí i pé àlàfo 2 sí 4 ló mú kóòdù rọrùn jù láti yé èèyàn. PEP 8, ìlànà kíkọ Python, mú 4 ní 2001.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Apple ní oṣù Kejì 2014 ló jẹ́ kí n máa sọ pé èyí ju ọ̀rọ̀ ẹwà lọ. Nínú kóòdù tó ń yẹ ìdánimọ̀ sáfà wò, ìlà “goto fail;” wà lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra. A sún èkejì wọlé bíi pé ó wà lábẹ́ “if”, bẹ́ẹ̀ kò sí níbẹ̀, ìgbà gbogbo ló ń ṣiṣẹ́, kò sì jẹ́ kí àyẹ̀wò parí. Ipò ìlà ló tan ojú. GCC 6 ti 2016 wá ní ìkìlọ̀ -Wmisleading-indentation fún irú rẹ̀.

Ní VS Code, tó jáde ní 2015, ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń yí editor.tabSize, tí kò sì ní í ṣiṣẹ́. Ìdí ni pé editor.detectIndentation wà ní títàn: ó ń wo fáìlì tí o ṣí, ó ń méfò ìwọ̀n rẹ̀, ó sì ń tẹ àṣẹ rẹ mọ́lẹ̀. Pa á, ìwọ̀n rẹ á dúró. Fún àwọn tó ń fi fóònù kọ́ Python, Pydroid 3 ń sún ìlà wọlé fúnra rẹ̀.

Ibi tó yẹ kí òfin yìí wà, lójú tèmi, ni inú fódà iṣẹ́ fúnra rẹ̀, kó má jẹ́ orí ẹ̀rọ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Èdè Go gbà á lọ́wọ́ gbogbo èèyàn: gofmt rẹ̀ ń fi Tab sún gbogbo kóòdù wọlé. Fún èdè yòókù, fáìlì .editorconfig tó. Kọ root = true sókè, kí ẹ́dítọ̀ má ṣe lọ wá òfin mìíràn nínú fódà òkè. Lábẹ́ [*.py], kọ indent_style = space àti indent_size = 4; lábẹ́ [Makefile], kọ indent_style = tab.