Ohun Tí Ẹ̀jẹ̀ Kò Sọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Òwe yìí bá ìtàn àrùn tí àwọn oníṣègùn ń pè ní myasthenia gravis mu. Ẹni tí ó ń ṣe kò ní egbò lára. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ti ń rọ̀, ìpéǹpéjú rẹ̀ a máa wálẹ̀, ohùn rẹ̀ a máa rẹ̀wẹ̀sì, òkèlè a sì nira fún un láti gbé mì. Bí ó bá sinmi, okun a tún padà díẹ̀.

Ní ọdún 1672 ni Thomas Willis, oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé nípa obìnrin kan tí ọ̀rọ̀ púpọ̀ ń sọ di odi fún ìgbà díẹ̀. Ní ọdún 1960, John Simpson dá a lábàá pé ara aláìsàn ni ó ń bá ara rẹ̀ jà. Ní ọdún 1973, Patrick àti Lindstrom gún ehoro ní abẹ́rẹ́ èròjà tí a yọ lára ẹja Gúúsù Amẹ́ríkà kan tí í gbọ̀n ènìyàn bí òjìjí. Èròjà náà ni iṣan fi ń gba iṣẹ́ tí ọpọlọ rán sí i. Ara ehoro gbógun tì í, iṣan ehoro sì rọ. Nígbà tí ó di ọdún 1976, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ti dé.

Àyẹ̀wò yìí mú bíi 85 nínú aláìsàn 100. Àwọn tí ó kù ńkọ́? Ìpéǹpéjú tiwọn náà ń wálẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ wọn kò sọ nǹkan kan. Ó rọrùn láti wí fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé ọkàn rẹ̀ ni ó ń dà á láàmú.

Àwọn kan kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1986, Mossman, Vincent àti Newsom-Davis fi omi ẹ̀jẹ̀ irú àwọn aláìsàn wọ̀nyí sára eku. Iṣẹ́ tí a rán sí iṣan eku kò jẹ́ dáadáa mọ́. Nǹkan wà níbẹ̀, a kò tíì mọ orúkọ rẹ̀ ni. Ní ọdún 2001, Hoch, Vincent àti ẹgbẹ́ wọn rí i pé èròjà mìíràn lójú iṣan, MuSK, ni ara ọ̀pọ̀ nínú wọn ń bá jà.

Ẹ̀kọ́ wo ni èyí kọ́ àwa akẹ́kọ̀ọ́? Kì í ṣe pé kí a kẹ́gàn àyẹ̀wò; àyẹ̀wò ni ó tú àṣírí náà nígbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò kì í dáhùn ju ìbéèrè tí a bi í lọ. Títí di òní, a ṣì ń rí aláìsàn tí gbogbo àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò mú; ojú àti etí oníṣègùn, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń wọn iṣẹ́ iṣan, ni a fi ń dá àrùn wọn mọ̀. “A kò rí i” yàtọ̀ pátápátá sí “kò sí”.