Oró Tí Ń Ti Ọ̀fun Pa Ọkàn

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ tí a pè yín wá gbọ́ ní alẹ́ òní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ogun tàbí ti ọba. Ìtàn àrùn kan ni, èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní difitíríà, tí ó ti sọ ilé púpọ̀ di ahoro ọmọ ní Yúróòpù àti ní Amẹ́ríkà. Ọ̀fun ni ó ti í bẹ̀rẹ̀. Ara ọmọ a gbóná, ọrùn rẹ̀ a wú, ohun kan tí ó dàbí awọ a sì bo ọ̀nà ọ̀fun títí èémí kì yóò fi lè kọjá mọ́. Láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí awọ ni Bretonneau, dókítà ìlú Tours ní ilẹ̀ Faransé, ti yọ orúkọ àrùn náà ní ọdún 1826. Òun kan náà ni ó la ọrùn ọmọdébìnrin kan ní ọdún 1825, tí ó ti ọ̀pá kékeré bọ ọ̀nà èémí rẹ̀, tí ọmọ náà sì yè.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń da àwọn dókítà láàmú. Àwọn ọmọ kan wà tí ọ̀nà èémí wọn ti là, tí ìyá wọn ti ń dúpẹ́, tí ọkàn wọn sì dúró lójijì lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Àwọn mìíràn yè, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn kò lè gbé wọn. Omi tí wọ́n bá mu a sì máa gba imú jáde. Kí ni ó kan ọ̀fun kan ọkàn? Kí ni ó kàn án kan ẹsẹ̀?

Ní ọdún 1883 Edwin Klebs rí kòkòrò àrùn náà. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, Friedrich Loeffler, ará Jámánì, gbìn ín lọ́tọ̀, ó sì fi gún àwọn ẹranko kékeré kan tí ó dàbí ẹmọ́ tí kò ní ìrù. Nígbà tí wọ́n kú, ó là wọ́n wò: ibi tí abẹ́rẹ́ ti wọlé nìkan ni kòkòrò wà, bẹ́ẹ̀ ni inú ara tí ó jìnnà sí ibẹ̀ sì ti bàjẹ́. Ó rò pé oró kan ni kòkòrò náà ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí oró náà. Ó tilẹ̀ rí irú kòkòrò yìí ní ọ̀fun ọmọ kan tí ara rẹ̀ le, kò sì fi í pamọ́, bí ó tilẹ̀ lè ba ẹ̀rí tirẹ̀ jẹ́. A yìn ín fún èyí.

Ní ọdún 1888, ní ìlú Paris, Émile Roux àti Alexandre Yersin gbin kòkòrò náà sínú omi ẹran, wọ́n sì sẹ́ omi náà nínú asẹ́ amọ̀ tí kòkòrò kò lè gbà kọjá. Omi tí ó jáde mọ́ gaara. Wọ́n fi gún ẹranko, ẹranko kú. Àwọn tí kò tètè kú di arọ, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ejò bá bu ènìyàn ṣán tí ó sì sá wọ igbó, pípa ejò kì í wo ẹni tí ó bù ṣán. Ohun tí ó kù nínú ara ni ó ń jà. A mọ̀ lónìí pé oró yìí a máa wọ inú sẹ́ẹ̀lì, èyíinì ni àwọn ẹyọ kéékèèké tí a fi mọ ara, a sì dá iṣẹ́ wọn dúró. Ẹyọ oró kan ṣoṣo tó láti pa sẹ́ẹ̀lì kan. A sì mọ̀ pẹ̀lú, láti ọdún 1951, pé kì í ṣe gbogbo irú kòkòrò yìí ni ó lóró: fáírọ́ọ̀sì kan tí ó wọ inú rẹ̀ ni ó ń gbé oró náà wá fún un.

Àwọn baba wa mọ aporó ejò, ewé àti egbò sì ni wọ́n fi ń ṣe é. Èyí tí Emil Behring àti Kitasato Shibasaburo, ará Japan, kéde ní Berlin ní oṣù Kejìlá ọdún 1890 yàtọ̀: bí a bá fún ẹranko ní oró díẹ̀díẹ̀, ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ a pèsè aporó sínú omi tí ó máa ń léfòó nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá dì. Ẹṣin ni a wá fi ń ṣe é, nítorí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pọ̀. Ní ọdún 1894 Roux fi aporó ẹṣin tọ́jú ọmọ 448 ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ní Paris. 109 ni ó kú. Ṣáájú ìgbà náà, ó lé ní ìdajì tí ń kú níbẹ̀. Aporó kò lè pe oró tí ó ti wọ inú sẹ́ẹ̀lì padà. Ẹni tí ó bá pẹ́ kí a tó gún un, apá kì í sábà ká a mọ́.

Ọ̀nà náà kò sì mọ́ láìní ẹ̀gún. Ní St. Louis, ní Amẹ́ríkà, ẹṣin kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Jim, tí ó ti fa kẹ̀kẹ́ oníwàrà rí. Ní ọdún 1901 àrùn ipá kọlù ú, wọ́n sì pa á; ṣùgbọ́n a ti gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣáájú, a kò sì yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó fi í gún àwọn ọmọ. Ọmọ 13 ni ipá pa, àwọn tí a ń wò sàn lọ́wọ́ oró kan tí a sì fi oró mìíràn fún. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà gan-an ni Behring gba ẹ̀bùn Nobel àkọ́kọ́ fún ìmọ̀ ìṣègùn. Ní ọdún 1902 ni Amẹ́ríkà ṣe òfin láti máa bójú tó irú oògùn bẹ́ẹ̀.

Gaston Ramon ni ó tún ọ̀nà ṣe ní ọdún 1923: ó fi fọ́málìn àti ooru yọ eyín oró náà, kí ara lè mọ̀ ọ́n láìjẹ̀yà rẹ̀. Òun ni a ń fi gún àwọn ọmọ wa títí di òní. Níbi tí abẹ́rẹ́ náà kò dé, oró a padà. Ní ìparí ọdún 2022 difitíríà bẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, Kánò ni ó sì ti pọ̀ jù lọ ní ọdún 2023. Aporó tí a fi tọ́jú àwọn ọmọ ibẹ̀, láti ara ẹṣin ni ó ti wá.