Aṣọ Ìpọnmọ ní Agbègbè Tchaourou: Láti Kíjìpá Dé Àǹkárá

Ọ̀já ni aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìyá fi ń di ọmọ mọ́ ẹ̀yìn, lórí ìró tí ó ti kọ́kọ́ fi pọ̀n ọ́n. Àwọn tí ó kọ ìwé nípa aṣọ ilẹ̀ Yorùbá kì í sábà fún un ju ìlà kan tàbí méjì lọ, nítorí pé aṣọ àríyá àti aṣọ oyè ni ó gba ojú wọn, ìdí sì nìyí tí ìtàn rẹ̀ fi fọ́n ká sínú ìwé arìnrìn-àjò, ìwé ìtàn àti àkọsílẹ̀ nípa eré ìbílẹ̀. Àpilẹ̀kọ yìí kó wọn jọ fún agbègbè Tchaourou, ìlú kan ní ẹ̀ka Borgou ní Benin, tí ó tó nǹkan bí 60 kìlómítà sí gúúsù Parakou, níbi tí àwọn Nàgó, ìyẹn àwọn tí wọ́n ń sọ ẹ̀ka èdè Yorùbá, ti ń bá Bàrìbá àti Fúlàní gbé.

Nípa ìgbà tí ó ṣáájú ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ohun tí ó dájú kò ju pé wọ́n ń gbin òwú, wọ́n ń ran án, wọ́n sì ń hun ún.

Hugh Clapperton, ará Scotland tí ó gba ilẹ̀ Yorùbá kọjá lọ sí Borgu láàrin 1825 sí 1826, rí òfì àti ilé aró lójú ọ̀nà rẹ̀. Samuel Johnson, tí ó parí ìwé The History of the Yorubas ní 1897 kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, ya iṣẹ́ ọkùnrin sọ́tọ̀ sí ti obìnrin: ọkùnrin ń hun aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń rán pọ̀ kí ó tó fẹ̀, obìnrin sì ń hun kíjìpá, aṣọ òwú fífẹ̀ tí ó ki, lórí òfì tí ó dúró lóòró. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún ẹni tí ó ń wá aṣọ ìpọnmọ, nítorí pé ojú ìrán ni aṣọ sábà máa ń ti ya nígbà tí ẹrù bá wà nínú rẹ̀. Àwẹ́ aṣọ òfì ọkùnrin kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 lọ ní ìbú, nítorí náà ojú ìrán rẹ̀ pọ̀, bí ó bá sì jẹ́ ẹtù tàbí sányán, owó rẹ̀ ga ju èyí tí èèyàn lè jẹ́ kí ọmọ máa tọ̀ sí lójoojúmọ́. Òwú ọwọ́ tí wọ́n fi ń hun kíjìpá nípọn, ó ń di ara mú, kì í yọ̀, ó sì ń rọ̀ sí i bí a bá ti ń fọ̀ ọ́. Lóòótọ́, àwẹ́ mélòó kan tí a rán pọ̀ tó ọ̀já ṣe, ọ̀pọ̀ ìyá ni ó sì lò ó; ṣùgbọ́n bí a bá fi agbára, ìtura àti owó aṣọ méjèèjì wé ara wọn, kíjìpá ni ó borí.

Ẹ̀rí nípa ọlá tí ọ̀já ní wá láti inú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, eré agọ̀ tí àwọn Yorùbá Kétu àti agbègbè rẹ̀ fi ń bu ọlá fún àwọn ìyá, tí UNESCO kéde ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé. Henry Drewal àti Margaret Drewal, nínú ìwé tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ ní 1983, ṣàlàyé pé ọ̀já àti gèlè tí àwọn obìnrin ń yá òṣèré wà lára ohun tí a fi ń ṣe ẹ̀ṣọ́ agọ̀ náà. Ọ̀já kì í ṣe àkísà tí a kàn ṣèèṣì rí nílé. Aṣọ tí ó ní ọlá tirẹ̀ ni.

Àǹkárá ni ó yí ọ̀ràn náà padà. Ilé iṣẹ́ Vlisco, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Helmond ní Netherlands ní 1846, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fara wé aṣọ alábẹ́là ti Java, wọ́n sì ń ta àǹkárá tí wọ́n ṣe báyìí ní etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí. Nígbà tí ojú irin tí ó ti Cotonou wá gba Tchaourou kọjá dé Parakou ní àwọn ọdún 1930, ọjà òkèèrè rí ọ̀nà tí ó rọrùn. Òwú ni àǹkárá gidi, ó fẹ̀ tó láti gbé ọmọ láìní ojú ìrán kankan, ṣùgbọ́n táàṣì ara rẹ̀ ń mú kí ó máa yọ̀ nígbà tí ó bá ṣì tuntun, nítorí náà ó yẹ kí a fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mélòó kan kí a tó fi pọn ọmọ.

Àṣà ìpọnmọ kò dúró sí Áfíríkà nìkan. Togo, tí kò jìnnà sí Benin, ni Ann Moore, nọ́ọ̀sì ará Amẹ́ríkà, ti rí bí ìyá ṣe ń pọn ọmọ, ohun tí ó rí níbẹ̀ ni ó sì bí àpò ìgbọ́mọ Snugli, tí ó gba ìwé ẹ̀tọ́ ní 1969. Ní Jámánì, Erika Hoffmann bẹ̀rẹ̀ ilé iṣẹ́ aṣọ ìgbọ́mọ Didymos ní 1972 pẹ̀lú aṣọ híhun tí ó ń fà díẹ̀ bí a bá fà á láti igun dé igun, ṣùgbọ́n tí kì í fà ní gígùn.  Ní 2010, àjọ ààbò ọjà Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́rin lè pàdánù èémí nínú aṣọ ìgbọ́mọ, wọ́n sì gbé òfin kalẹ̀ lórí rẹ̀ ní 2017.

Ní Benin lónìí, ilé iṣẹ́ aṣọ ti wà ní Parakou, àwọn tuntun sì ti bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè ilé iṣẹ́ Glo-Djigbé, ṣùgbọ́n aṣọ nayílọ́nù olówó pọ́ọ́kú kún ọjà. Kí ẹni tí ó fẹ́ gé ọ̀já fúnra rẹ̀ yẹra fún un, nítorí pé ó ń yọ̀, ó sì ń mú ooru. Kí ó yan òwú tí a hun pinpin, tí kò fà bí rọ́bà, kí ó fà á pẹ̀lú gbogbo agbára ọwọ́ méjèèjì kí ó tó rà á, kí ó sì rí i dájú nígbà gbogbo pé aṣọ náà kò bo imú àti ẹnu ọmọ.