Ọ̀rọ̀ Tó Yẹ Ká Fi Díwọ̀n Iṣẹ́ Olùkọ́

Ní oṣù kìíní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's 'A', Modákẹ́kẹ́, Ilé-Ifẹ̀. Yàtọ̀ sí ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà. Àwọn ẹgbẹ́ wọn bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún kẹta. Àwọn tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ ló ta àwọn yòókù yọ. Ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì rí ọ̀rọ̀ Yorùbá gbà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n títí dòní, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ohun tí ọ̀gá rí nípa iṣẹ́ olùkọ́. Fọ́ọ̀mù ìgbéléwọ̀n ọdọọdún tí wọ́n ń pè ní APER, tí tíṣà ìjọba ń kún, Gẹ̀ẹ́sì ni láti òkè délẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kò wọ́n wa. Ohun tó kù ni ká fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ìdánwò kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí ná. Òfin ẹ̀kọ́ ọdún 1887 ní Èkó so owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń fún ilé-ìwé mọ́ èsì ìdánwò àwọn ọmọ, èrò náà kò sì tíì kúrò lọ́kàn wa. Ọmọ tí ebi ń pa tàbí tí kò níwèé lè fìdí rẹmi lọ́wọ́ olùkọ́ tó mọṣẹ́. Ọmọ ló ni ìdánwò. Ìgbéléwọ̀n ló tọ́ sí olùkọ́. Àwọn olùkọ́ Yorùbá ti mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa: òun ni wọ́n máa ń kọ sí ìparí lẹ́sìn nóòtì wọn. Ẹni tó bá sì fẹ́ gbé nǹkan lé ìwọ̀n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi òṣùwọ̀n rẹ̀ han ẹni tó ni ẹrù.

Àbẹ̀wò àti àyẹ̀wò náà kì í ṣe ọ̀kan. Nígbà tí alábẹ̀wò bá ti ìjọba wá wo ilé-ìwé, àbẹ̀wò nìyẹn. Bí ọ̀gá ilé-ìwé bá gba lẹ́sìn nóòtì àti ìwé ìpè-orúkọ láti rí i bóyá wọ́n pé, àyẹ̀wò ló ṣe. Àmójútó ni ti ọ̀gá tó ń tọ́ olùkọ́ tuntun sọ́nà lójoojúmọ́. Jíjókòó lẹ́yìn kíláàsì láti rí bí olùkọ́ ṣe ń kọ́ni ńkọ́? Àwọn kan lè pè é ní ìwòran, ṣùgbọ́n ìran ni à ń wò, olùkọ́ kò sì ṣeré. Àkíyèsí ìkọ́ni ló bá a mu. Ọ̀nà tí olùkọ́ gbà ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, tí à ń kíyè sí yẹn, ìṣọwọ́ṣiṣẹ́ ni.

Èyí tó ká mi lára jù ni ohun tí olùkọ́ yẹ kó gbọ́ nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí. Yorùbá ní ẹni tí a rán níṣẹ́ ń jábọ̀ fún ẹni tó rán an. Àbọ̀, nígbà náà, ọ̀dọ̀ ọ̀gá ló ń lọ. Èsì ló yẹ kó padà sọ́dọ̀ olùkọ́: ohun tó ṣe dáadáa, ibi tó kù sí, ìrànlọ́wọ́ tó máa rí gbà. Bí ilé-ìwé bá ń kọ àbọ̀ lọ́dọọdún tí kò fún olùkọ́ lésì, ìgbéléwọ̀n kò tíì parí.

Ní 1984, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìwé èdè-ìperí tó kó ọ̀rọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni jọ. Iṣẹ́ ọwọ́ wa ni ká fi ọ̀rọ̀ ìgbéléwọ̀n olùkọ́ kún un. Mo bẹ àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ní Ifẹ̀ àti àwọn aláṣẹ ilé-ìwé ní Ọ̀ṣun: ẹ tẹ fọ́ọ̀mù APER náà ní Yorùbá, ẹ sì fi àyè èsì síbẹ̀ kí olùkọ́ lè kà á, kó sì fèsì tirẹ̀ náà.