Ohun Tó Ń Mú Kí Ètò Python Falẹ̀ Nídìí Dátábéèsì, Àti Ọ̀nà Àbáyọ

Ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà tí ara rẹ̀ yá gágá lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́ ni í máa ń rìn bí ìgbín nígbà tí àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ bá pọ̀ sí i. Àwọn tó ń lò ó á jókòó ti ẹ̀rọ, wọ́n á máa retí èsì. Ẹni tó ni ètò náà á sì sáré náwó sí ẹ̀rọ tó tóbi ju ti àná lọ. Bẹ́ẹ̀, a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Lọ́pọ̀ ìgbà, iye ìbéèrè tí ètò náà ń fi ránṣẹ́ ni àrùn tó ń ṣe é.

Inú dátábéèsì ni kọ̀ǹpútà ń kó àkọsílẹ̀ pamọ́ sí. Edgar F. Codd, onímọ̀ nílé-iṣẹ́ IBM, ló gbé ìlànà títo àkọsílẹ̀ sínú àtẹ jáde lọ́dún 1970. Èdè SQL ni a sì fi ń bi àwọn àtẹ náà ní ìbéèrè. Ṣùgbọ́n ohun tí Python, èdè tí Guido van Rossum gbé jáde lọ́dún 1991, ń bá ṣiṣẹ́ ni object. SQLAlchemy, tí Michael Bayer gbé jáde lọ́dún 2006, ló ń ṣe ògbufọ̀ láàárín àwọn méjèèjì: ìlà kan nínú àtẹ a di object kan.

Bí a bá fi 100 òǹkọ̀wé àti àwọn ìwé wọn ṣe àpẹẹrẹ, ìbéèrè 1 ló ń kó orúkọ gbogbo òǹkọ̀wé wá. Àmọ́, bí a kò bá sọ fún SQLAlchemy tẹ́lẹ̀, ìgbà tí a bá dé orí òǹkọ̀wé kọ̀ọ̀kan ló tó ń padà lọ béèrè ìwé tirẹ̀. Ìbéèrè 1 di 101. Ó dà bí ọmọ tí wọ́n rán lọ sọ́jà, tó ra ata, tó gbé e wálé, kó tó tún padà lọ ra àlùbọ́sà. N+1 ni àwọn onímọ̀ ń pe àrùn yìí.

Láti dá a mọ̀, kí a fi echo=True sínú create_engine. Gbogbo ìbéèrè á máa hàn. Bí irú kan náà bá ń jáde léraléra, tó jẹ́ pé nọ́ńbà nìkan ló ń yàtọ̀, ọwọ́ ti tẹ olè.

Oògùn rẹ̀ ni selectinload, tó ń sọ 101 di 2. joinedload ń sọ ọ́ di 1, ṣùgbọ́n ó gba ìṣọ́ra: bí òǹkọ̀wé kan bá ní ìwé 20 àti ẹ̀bùn 10, tí a sì so méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìlà 200 ni yóò wọlé. Nínú Django, prefetch_related àti select_related ló ń ṣe irú iṣẹ́ yìí.

Àṣìṣe DetachedInstanceError náà sábà máa ń jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ yìí: ètò ti pa session dé kó tó lọ béèrè ohun tó kù. Kíkó o wá ṣáájú ló ń yanjú rẹ̀.

Bó bá wá jẹ́ pé ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń pẹ́, EXPLAIN inú PostgreSQL á fi ọ̀nà tó gbà hàn. Bó bá jẹ́ pé gbogbo àtẹ ló ń kà kó tó rí ìlà díẹ̀, atọ́ka lórí ohun tí a fi ń wá a lè yanjú rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni tó dá ẹ̀rọ lẹ́bi, kó kọ́kọ́ ka ìbéèrè tí ètò rẹ̀ ń fi ránṣẹ́.