Ta Ni Igi Ìgboro Wà Fún?

Tẹ́ ẹ bá wọ ọkọ̀ n'Ìbàdàn, ẹ máa gbọ́ Ìdí-Ayùnrẹ́ àti Ìdí-Ìṣin. L'Ékòó, Ìdí-Àràbà wà. Létí ààlà Nàìjíríà pẹ̀lú orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, Ìdí-Ìrókò ni. Igi ló sọ gbogbo wọn lórúkọ.

Kì í ṣe gbogbo igi ìgboro ló kàn ṣàdédé hù. Samuel Johnson, tí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1921, sọ pé àárín ìlú, níwájú ilé olórí ìlú, ni ọjà tó tóbi jù máa ń wà. Irú ibẹ̀ ni wọ́n ń gbin ọ̀dán sí. Ẹ gé ẹ̀ka rẹ̀, ẹ rì í mọ́lẹ̀ lásìkò òjò, ó máa ta gbòǹgbò. Tó bá dàgbà, orí rẹ̀ á fẹ̀, ewé rẹ̀ á sì ṣú, tí ìyá oníṣu àtàwọn tó ń ta ayò á fi ríbi jókòó. Pèrègún ńkọ́? Òun ni wọ́n fi ń pààlà, torí kì í tètè kú. Ewé akòko sì ni wọ́n fi ń jẹ oyè. Igi kọ̀ọ̀kan ló níṣẹ́ tirẹ̀.

Ní Àgbádárìgì, abẹ́ igi Agia ni Thomas Birch Freeman ti wàásù ní 1842. Igi yẹn wó ní 1959, wọ́n sì gbé ohun ìrántí síbẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ ohun ìrántí ò ní ibòji.

Lóde òní, igi táwọn èèyàn ń pè ní masquerade ló pọ̀ lẹ́nu géètì àti létí títì. Íńdíà àti Síri Láńkà ló ti wá. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ewé rẹ̀ sì wọ́ sílẹ̀ bí agọ̀ eégún. Ó rẹwà lóòótọ́. Àmọ́ tó bá di ọ̀sán gangan, agbára káká ni ibòji rẹ̀ fi lè gba ẹnì kan.

Ṣé torí pé àjèjì ni? Rárá o. Íńdíà ni wọ́n ti mú dóńgóyárò náà wá, síbẹ̀ abẹ́ rẹ̀ làwọn mẹkáníìkì àtàwọn ọlọ́kadà ń sá sí. Òótọ́ ni pé gbòǹgbò ọ̀dán lè fọ́ kọnkéré, ó sì ń fẹ́ àyè. Ohun tó yẹ ká ṣe ni pé ká fún un láyè.

Àwọn àgbà ní tá a bá ń gégi nígbó, ká fi ọ̀rọ̀ ro ara wa wò. Tá a bá ń gbìn ín nígboro náà ńkọ́? Ẹni tó wà nínú mọ́tò tó ní éàkọ́ń, ẹwà igi ló máa rí. Ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ ní aago méjìlá ọ̀sán, tó gbé ọmọ pọ̀n, ibòji ló ń wá. Tí wọ́n bá fẹ́ gbin igi ládùúgbò yín, ẹ bi wọ́n pé: ta ló máa rí abẹ́ rẹ̀ jókòó sí?