Ta Ló Ni Kọ́ńgò?

Ní ọdún 1993, ilé-iṣẹ́ Daimler-Benz, àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ Mercedes ní ilẹ̀ Jámánì, fẹ́ kí wọ́n máa ta ìpín-ìdókòwò àwọn ní ọjà New York. Ilé-iṣẹ́ Jámánì kankan kò ṣe irú rẹ̀ rí. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní kò burú, ṣùgbọ́n kí wọ́n tún ìwé ìṣirò owó wọn kọ ní ìlànà Amẹ́ríkà. Ẹ wá gbọ́ o! Ìṣirò Jámánì ní wọ́n jèrè mílíọ̀nù 615 máàkì lọ́dún náà. Ìṣirò Amẹ́ríkà ní wọ́n pàdánù ohun tó lé ní mílíọ̀nù 1,800.

Ẹnikẹ́ni kò jalè. Òfin Jámánì gbà kí ilé-iṣẹ́ rọra fi owó pamọ́ lọ́dún tó dára, kó máa yọ ọ́ lò lọ́dún tó le. Amẹ́ríkà ní rárá, ẹ kó gbogbo rẹ̀ síta. Ẹni tó bá ti ra gàrí ní ọjà méjì mọ ohun tí mò ń wí: orúkọ kan náà ni kọ́ńgò ń jẹ́, ìwọ̀n rẹ̀ ni kò dọ́gba.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1973 ni àwọn ẹgbẹ́ oníṣirò owó láti Gẹ̀ẹ́sì, Amẹ́ríkà, Faransé, Jámánì, Jàpáàn àti ibòmíràn ti dá ìgbìmọ̀ IASC sílẹ̀ ní London, kí gbogbo ayé lè ní kọ́ńgò kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ náà kò ní ọlọ́pàá. Lọ́dún 2001, IASB rọ́pò rẹ̀. Lọ́dún 2002, Yúróòpù ṣòfin pé láti 2005, àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà lọ́jà ìpín-ìdókòwò gbọ́dọ̀ máa lo ìlànà rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ìjà dé. Àwọn báńkì Faransé ní bí wọ́n bá ń fi iye tí ọjà ń ná ṣírò ohun ìní àwọn, èrè àwọn á máa lọ sókè sódò. Ní oṣù keje ọdún 2003, Ààrẹ Jacques Chirac fúnra rẹ̀ kọ lẹ́tà sí Romano Prodi, olórí Ìgbìmọ̀ Yúróòpù. Lọ́dún 2004, Yúróòpù gba òfin náà wọlé, ṣùgbọ́n wọ́n gé ibi tó ń dùn wọ́n kúrò. Nígbà tí àwọn báńkì ń wó lọ́dún 2008, wọ́n tún fínná mọ́ IASB, ìyẹn sì yí òfin padà kíákíá, láì gba ìmọ̀ràn ará ìta bí ìṣe rẹ̀.

Amẹ́ríkà ńkọ́? Lọ́dún 2007, ó gbà kí àwọn àjèjì máa gbé kọ́ńgò àgbáyé wá sí ọjà rẹ̀. Ṣùgbọ́n títí di òní, àwọn ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ ò lò ó.

Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó lọ́dún 2012, láti orí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá. N kò bínú sí i, nítorí kò rọrùn mọ́ láti pe àdánù ní èrè fún wa. Ohun tí mò ń wí ni pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ìṣirò nìkan. Faransé pariwo, wọ́n gbọ́ ọ. Amẹ́ríkà kọ̀, ó mú un jẹ. Kí àwa náà rán àwọn ọmọ wa tó mọ iṣẹ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe kọ́ńgò, kí wọ́n tó fi wọn gàrí wa.